Ògiri tí Rachel Mọ Dáadáa Kó Lè Wó

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ọjọ́ méje ni àwọn obìnrin àti ọmọdé fi fara pamọ́ sínú Ilé Àjà nígbà tí àwọn ẹlẹ́ṣin Tápà wá kó ènìyàn lẹ́rú ní Kábbà, ẹ tún un ṣe fún un. Ọjọ́ mẹ́ta ni. Ìyá ìyá Rachel Adédùntán wà níbẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́jọ ni nígbà náà, ó sì ka oòrùn mẹ́ta láti ojú ihò kan tí kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ. Ìkòkò omi mẹ́rin ni wọ́n gbé gòkè. Nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, ọ̀kan ṣì kún. Rachel kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọjọ́ mẹ́rin lé ìtàn náà.

"Ọjọ́ mẹ́ta tó," ni ó máa ń wí. "Ẹ̀yin tí ẹ ń pariwo méje yẹn, ẹ gòkè lọ jókòó ní wákàtí kan péré ká wò ó."

Ògiri ilé náà nípọn tó ìgbọ̀nwọ́ méjì. Koríko bẹẹrẹ ni wọ́n fi bo orí rẹ̀. Amọ̀ ni wọ́n fi tẹ́ àjà rẹ̀ lórí igi líle, àjà náà ló sì fún un lórúkọ. Kò sí ilé mìíràn tó dàgbà tó o ní gbogbo àdúgbò náà, àwọn ọkùnrin ibẹ̀ a sì máa fọwọ́ sọ̀yà pé baba ńlá àwọn ló mọ ọ́n. Òótọ́ ni wọ́n ń sọ, àmọ́ wọn kì í sọ ọ́ tán. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ọkùnrin mọ ọ́n. Ọdọọdún ni obìnrin ń rẹ́ ẹ. Ilé amọ̀ tí ọwọ́ obìnrin bá kúrò lára rẹ̀ fún ọdún márùn-ún, òjò á gbà á lọ́wọ́ onílé.

Rachel ni olórí àwọn tó ń rẹ́ Ilé Àjà. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé amọ̀ fún ìyá rẹ̀. Nígbà tó dàgbà díẹ̀, bàbá rẹ̀ rán an lọ sí Òkè-Bùkún kó lọ kọ́ aṣọ híhun lọ́dọ̀ ìbátan wọn kan. Ó lo oṣù méjì, ó padà wálé. Ó ní òwú fúyẹ́ jù lọ́wọ́ òun. Kó tó pé ọgbọ̀n ọdún, wọ́n ti ń wá pè é láti Ponyan àti Ìfẹ̀-Olúkòtún pé kó wá bá àwọn rẹ́ ilé ìyàwó tuntun. Ọkọ rẹ̀ kú nígbà tí Lucy, ọmọ wọn kan ṣoṣo, wà ní ọmọ ọdún mẹ́jọ, iṣẹ́ amọ̀ yìí ló sì fi tọ́ ọ títí ó fi wọ ilé-ìwé àwọn olùkọ́. Rachel kì í yin iṣẹ́ ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í dá ẹni tó bá ń yìn ín lẹ́kun.

Lẹ́yìn ilẹ̀kùn Ilé Àjà, ibì kan wà tí wọn kì í rẹ́. Níbẹ̀ ni obìnrin kọ̀ọ̀kan tó bá di olórí iṣẹ́ náà ti ń tẹ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ mọ́ ògiri tútù ní ẹ̀ẹ̀kan láyé rẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Ti Rachel ni ìkẹrin. Ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ń kú lọ, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sọ nípa ilé náà: "Má jẹ́ kí tìrẹ jẹ́ ìkẹyìn."

Ohun kan wà tí àlejò kì í mọ̀ nípa Ilé Àjà. Kòtò àgbàrá kan yí i ká, èyí tí omi bẹẹrẹ ń sun sí lásìkò òjò tó sì ń gbà lọ sí odò. Ṣùgbọ́n bí ọyẹ́ bá ti dé, kòtò yìí ni àwọn obìnrin ń po amọ̀ sí. Wọn á ru ilẹ̀ pupa dà sínú rẹ̀, wọn á bu omi sí i, wọn á gùn ún mọ́lẹ̀ títí orúnkún wọn á fi pọ́n, wọn á wá fi koríko bò ó fún ọ̀sẹ̀ méjì kó lè kan dáadáa. Ojú rẹ̀ á gbẹ, á sán, á dà bí ilẹ̀ gbalasa. Bí òjò bá ku díẹ̀ kó dé, wọ́n á ti kó amọ̀ náà tán sára ògiri, kòtò á sì tún di kòtò. Ọmọ àdúgbò tó bá gbélé mọ èyí. Ẹni tó bá ti pẹ́ lẹ́yìn odi lè gbàgbé.

Ọláníran ti pẹ́ lẹ́yìn odi. Àdúgbò náà ni wọ́n ti bí i, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún méjìlá ni nígbà tó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sí Jos. Ibẹ̀ ló ti kọ́ iṣẹ́ bíríkìlà, tó sì di agbaṣẹ́ṣe. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1956, ó padà wálé pẹ̀lú iṣẹ́ ńlá lọ́wọ́. Ìgbìmọ̀ ilé-ìwé àwọn olùkọ́ ti gba gbalasa tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ilé Àjà, wọ́n sì ní kó kọ́ ilé gígùn mẹ́rin síbẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ogún yàrá ni ilé kọ̀ọ̀kan yóò ní, ènìyàn mẹ́rin ni yóò máa gbé yàrá kan. Àwọn ará àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé irínwó ènìyàn ń bọ̀ wá gbé orí àwọn. Wọn kò ṣe ìṣirò. Okòólélọ́ọ̀ọ́dúnrún ni. Àmọ́ ìyẹn náà pọ̀ tó.

Ọyẹ́ ń fẹ́ lọ́wọ́ nígbà tí Ọláníran wá kan èèkàn. Ilé mẹ́rin náà sún mọ́ra bí ẹ̀pà nínú èèpo. Èèkàn ti àkọ́kọ́ kò ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin lọ sí ògiri Ilé Àjà. Rachel wá wò ó ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó rí i pé orí amọ̀ òun ni èèkàn méje dúró sí.

Wọ́n pe ìpàdé sábẹ́ igi ọdán. Ẹnì kan ń sọ̀rọ̀ èéfín, èkejì ń sọ̀rọ̀ ariwo, ẹ̀kẹta ń sọ̀rọ̀ ilé ìgbẹ́. Bàbá Isaiah, olórí àdúgbò náà, jẹ́ kí gbogbo wọn sọ tiwọn tán kó tó na ọ̀pá rẹ̀ sókè.

"Ibojì," ni ó wí. "A ó sọ fún ìgbìmọ̀ pé ibojì àwọn baba wa wà níbẹ̀. Àwọn alákọ̀wé yìí bẹ̀rù òkú ju alààyè lọ. Ìyá Lucy ló ń gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ lọ́dọọdún, òun ni yóò jẹ́rìí."

"Bàbá," ni Rachel wí, "baba ta ni ẹ fẹ́ sin síbẹ̀?"

Ẹ̀rín ta.

"Ìyá Lucy, má da ọ̀rọ̀ rú. Baba ẹni tó bá wù ọ́."

"Tèmi wà ní itẹ́ òkú ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì mọ ojú ibẹ̀."

"Ṣé o fẹ́ kí wọ́n kọ́lé lé Ilé Àjà lórí ni?"

"N kò fẹ́, Bàbá. Ṣùgbọ́n ọmọ mi wà nínú àwọn tí wọ́n fẹ́ kọ́lé fún. Àwọn mẹ́fà ló ń sùn nínú yàrá kan báyìí. Ilé yẹ wọ́n. Ibi tí wọ́n fẹ́ kọ́ ọ sí ni kò yẹ. Ògiri tó gba ènìyàn là lọ́wọ́ Tápà, ṣé irọ́ ibojì ló máa wá gba òun náà là?"

Bàbá Isaiah fi ọ̀pá rẹ̀ tú ìpàdé ká. Ó gbà pé bí Rachel bá dé iwájú ìgbìmọ̀, ojú yóò tì í, yóò sọ ohun tí wọ́n fẹ́ kó sọ.

Kò mọ Rachel tó bí ó ṣe rò. Ní ọjọ́ ìpàdé ìgbìmọ̀, yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kún dé ẹnu ọ̀nà. Moses Ọlánípẹ̀kun, tó ti ṣe akọ̀wé kóòtù fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n kó tó fẹ̀yìn tì, ni alága. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ ibojì lẹ́nu Bàbá Isaiah, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó wá yọ awò ojú rẹ̀.

"Ìyá Lucy, ṣé ibojì wà níbẹ̀?"

"Kò sí, Alága."

Ariwo sọ. Ẹnì kan ní Rachel ti ta àdúgbò. Òmíràn ní nítorí ọmọ rẹ̀ ni. Rachel dúró títí wọ́n fi dákẹ́.

"Ibojì kò sí. Kòtò ló wà níbẹ̀."

"Kòtò wo, Màmá?" Ọláníran dìde. "Ẹsẹ̀ mi méjèèjì ni mo fi rìn ín. Ilẹ̀ tó dọ́gba ni."

"Amọ̀ mi lo rìn lórí rẹ̀, ọmọ mi. O ti pẹ́ ní Jos. Bí òjò bá dé, ibẹ̀ ni omi ń gbà. Bẹẹrẹ máa ń sun omi sílẹ̀ ni. Páànù tìrẹ máa dà á ní ìdàkudà, ẹsẹ̀ ògiri wa ni yóò sì dà á sí. Kò ní pé ọdún mẹ́ta tí Ilé Àjà á fi jókòó sílẹ̀."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Òjò kí ni wọ́n ń sọ nínú ọyẹ́? Ọláníran kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó mi orí. Ó ní òun ti kan páànù lé ilé bí àádọ́ta lórí, kò sì sí èyí tó pa ilé aládùúgbò rẹ̀.

"Ìyá Lucy," ni Alága wí, "ọ̀rọ̀ ẹnu ni tìrẹ, ọ̀rọ̀ ẹnu ni tirẹ̀. Kí ni kí n kọ sílẹ̀?"

"Ẹ má kọ nǹkan kan, Alága. Ẹ fún mi ní òjò mẹ́ta."

Ohun tó bèèrè nìyí: òun yóò mọ ògiri kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ Ilé Àjà tí èèkàn wà, gíga rẹ̀ á dé àyà, gígùn rẹ̀ á tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, òun yóò rẹ́ ẹ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń rẹ́ Ilé Àjà, òun yóò sì fi bẹẹrẹ dé e lórí. Ọláníran yóò kan páànù mẹ́wàá sórí òpó, ní ibi tí etí òrùlé rẹ̀ yóò wà gan-an. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Bí ògiri náà bá dúró lẹ́yìn òjò ńlá mẹ́ta, kí wọ́n kọ́lé, òun kò sì ní sọ̀rọ̀ mọ́. Bí ó bá wó, kí wọ́n sún èèkàn.

"Ta ni yóò mọ ògiri ọ̀hún?" Ọláníran bèèrè.

"Èmi ni. Kí o wá máa wò mí."

Ó sì wá, lójoojúmọ́. Ó gbé àga, ó jókòó, ó ń wo obìnrin àádọ́ta ọdún yìí bó ti ń gun amọ̀, tó ń mọ ọ́n ní ìpele ìpele, tó ń fi ọjọ́ mẹ́ta sílẹ̀ láàárín ìpele kan àti èkejì kó lè gbẹ. Ní ọjọ́ kẹrin, ó gbé àga náà kúrò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá a gbé omi. Nígbà tó kan rírẹ́, Rachel se èèpo èso igi irú títí omi rẹ̀ fi dúdú bí tàdáwà, ó fi fọ ògiri náà nígbà mẹ́ta, ó sì fi òkúta odò dán an títí ó fi ń kọ mọ̀nà.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí Ọláníran kò sí níbẹ̀, Bàbá Isaiah yọ́ wá.

"Okun o, Ìyá Lucy," ni ó kí i.

"Okun o, Bàbá."

Ó wo ẹ̀yìn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Fi iyanrìn sí i. Igbá méjì péré. Ta ni yóò mọ̀?"

"Òjò á mọ̀."

"Ṣé kì í ṣe pé kó wó ni a ń wá?"

"Bàbá, bí mo bá mọ ọ́n burúkú tó wó, kí ni mo fi hàn wọ́n? Pé Rachel kò mọ ògiri mọ. Wọn á kọ́lé wọn, wọn á tún fi mí ṣẹ̀sín. Àfi kí n mọ ọ́n débi pé bí ó bá wó, kò ní sí ẹni tí yóò lè dá a lẹ́bi."

"Bí kò bá wó ńkọ́?"

Rachel ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ìbéèrè yẹn náà ló ń bá a jẹun láti ọjọ́ tó ti la ẹnu níwájú Alága. Kò tíì mọ ògiri kan rí kó gbàdúrà pé kó wó. Ọwọ́ rẹ̀ kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe iṣẹ́ burúkú. Ó ti gbàgbé rẹ̀ láti kékeré.

Kí òjò tó dé, àwọn obìnrin fẹ́ kó amọ̀ inú kòtò bí wọ́n ti ń ṣe lọ́dọọdún. Ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta ilé, wọ́n kó o. Ní ẹ̀gbẹ́ kẹrin tí èèkàn wà, Alága ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, nítorí pé bí ilé bá dé ibẹ̀, wọn á dí i pa náà ni.

Òjò àkọ́kọ́ rọ̀ ní ìparí oṣù kẹta. Omi tú láti orí páànù bí ẹni da agbada nù. Nígbà tó dá, gbogbo àdúgbò sáré lọ wò ó. Ògiri náà dúró ṣinṣin, ó ń dán.

"Màmá, ẹ kú iṣẹ́," ni Ọláníran wí. "Iṣẹ́ yín mà lágbára o! Ẹ ti ń bá mi kọ́lé, ẹ kò mọ̀."

Inú Rachel dùn, inú rẹ̀ sì bàjẹ́, méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka wọn ẹsẹ̀ ògiri. Omi ti gbẹ́ ibẹ̀ wọlé ní ìwọ̀n ìka kan. Ó dìde, ó nu ọwọ́.

"Ọ̀kan," ni ó wí.

Òjò kejì rọ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mọ́kànlá. Ògiri dúró. Ní ẹsẹ̀ rẹ̀, ihò náà ti gba ọwọ́ kan. "Méjì," ni Rachel wí, ó sì lọ sílé. Ní ọjà, wọn kò fi ọ̀rọ̀ bò mọ́. Wọ́n ní Rachel mọ ògiri mọ, kò mọ ọgbọ́n. Wọ́n ní bí ó bá ti jẹ́rìí ibojì, ilé ìbá ti sùn ní àlàáfíà. Ní ọjọ́ ìsinmi, obìnrin kan sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí bẹ́ńṣì ṣọ́ọ̀ṣì. Rachel fi aṣọ rẹ̀ dí àyè tó ṣẹ́ kù, ó jókòó dáadáa.

Ọ̀sán ni òjò kẹta dé, pẹ̀lú yìnyín. Ọláníran sáré wá, àpò ló fi bo orí, ó bá Rachel lábẹ́ etí òrùlé Ilé Àjà. Wọ́n dúró, wọ́n ń wò ó. Omi páànù ń gbẹ́ ilẹ̀ bí ọkọ́. Kòtò tó dí kò jẹ́ kó rí ọ̀nà lọ, ó ń kún, ó ń yí ẹsẹ̀ ògiri náà ká. Kò sí ariwo kankan nígbà tó wó. Ó kàn kúnlẹ̀, bẹẹrẹ orí rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ó wá dojú bolẹ̀ bí àgbàlagbà tó ti rẹ̀.

Omi ojú Rachel ń ṣàn. Ọláníran rò pé ayọ̀ ni. Kì í ṣe ayọ̀ nìkan. Kò sí ògiri tó rẹ́ tó dán tó ìyẹn láyé rẹ̀.

Nígbà náà ni Ọláníran wo ilẹ̀. Omi kan náà ti dé ẹsẹ̀ Ilé Àjà.

"Màmá, níbo ni kòtò náà gbà?"

Rachel na ìka. Ọláníran ju àpò nù, ó mú ṣọ́bìrì, ó wọ inú òjò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́. Èèkàn ara rẹ̀ ló kọ́kọ́ fà tu. Kí òjò tó dá, omi ti rí ọ̀nà, ó sì ń sáré lọ sí odò.

Àwọn kan ń sọ pé ìgbìmọ̀ ló sún ilé náà. Ìgbìmọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ ni. Ẹni tó sún un ni ẹni tó fa èèkàn tu nínú òjò. Moses Ọlánípẹ̀kun wá ní ọjọ́ kejì, ó fi ọ̀pá rẹ̀ tẹ àwókù ògiri náà, amọ̀ rẹ̀ le tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pá kò wọlé. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tí omi ti jẹ. Ó ní kí wọ́n fi ọgbọ̀n ẹsẹ̀ bàtà sílẹ̀ láàárín Ilé Àjà àti ilé èyíkéyìí. Àyè wá ku ti ilé mẹ́ta. Ìkẹrin kò ní ibi tí yóò wà, àfi òdìkejì ọ̀nà, níbi oko iṣu Bàbá Isaiah.

Gbogbo ènìyàn wo Bàbá Isaiah. Bàbá Isaiah wo Rachel.

"Bàbá," ni Rachel wí, "ẹ fẹ́ fi ibojì baba yín gba ilé náà là. Ebè iṣu kò wúwo tó o."

Bàbá Isaiah kọ́kọ́ bínú, ó wá bú sẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń sọ lónìí pé lójú ẹsẹ̀ ló fi ilẹ̀ náà sílẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi rò ó. Ṣùgbọ́n ó fi í sílẹ̀, ó sì yẹ kí wọ́n yìn ín.

Nígbà tí ọyẹ́ tún dé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti wà nínú ilé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ní ọjọ́ Sátidé, Lucy kó àwọn ọmọbìnrin mẹ́rìnlá wá láti gun amọ̀. Rachel dá mẹ́ta padà lọ fọ ẹsẹ̀, ó ní ọṣẹ wà lára wọn, ọṣẹ kì í bá amọ̀ ṣọ̀rẹ́. Lucy bèèrè ìgbà tí òun náà yóò tẹ àtẹ́lẹwọ́ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ìyá rẹ̀ wo apá ibi tí Lucy rẹ́ fínnífínní.

"Rẹ́ ibẹ̀ yẹn padà ná. Bí o bá ti rẹ́ ẹ ní ọdún mẹ́ta tí n kò rí nǹkan wí, kí o tún bèèrè."

Ó pé ọdún mẹ́ta, Lucy bèèrè, ó sì tẹ̀ ẹ́. Ìkarùn-ún ni.

Rachel kò jẹ́ kí wọ́n kó àwókù ògiri kékeré náà kúrò. Ó wà níbẹ̀ títí koríko fi hù sí i lórí. Ní ọdún 1959, obìnrin kan wá láti Ìfẹ̀-Olúkòtún, ó fẹ́ kí Rachel bá òun rẹ́ ilé. Bí ó ti ń dúró dè é, ó rí àwókù náà, ó sì bèèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé tó ń kọjá pé ta ló mọ ọ́n. Wọ́n ní Rachel ni.

"Rachel kan náà tí mo wá wá?" ni obìnrin náà wí. "Ògiri rẹ̀ máa ń wó ni?"

Rachel ti ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, igbá amọ̀ wà lórí rẹ̀.

"Ògiri dáadáa ni," ni ó wí. "Ibi tí wọ́n ní kó dúró ni kò dáa."

Ó sọ igbá rẹ̀ kalẹ̀, ó sì mú àlejò náà wọ inú Ilé Àjà lọ wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.